Kí òwò ìdílé tó gbòòrò: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń ta oúnjẹ lápò àti ní páálí ní Èkìtì

Ojú-ìwé yìí wà fún ìdílé tó ti ń ta ìrẹsì, ṣúgà, òróró, núdùsì, tòmátò alágolo àti irú wọn fún àwọn alágbàtà, tó sì ń ronú àtikúrò lórí sọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà ní Adó-Èkìtì. Iye owó tó wà nínú àwọn àpẹẹrẹ, a kàn fi ṣe ìṣirò ni. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Owó tó padà wálé, àti bó ṣe tètè wálé tó, ló ń mú irú òwò yìí dàgbà. Gbogbo ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n dúró lé.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti gbòòrò?

Ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń gbowó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa kọ gbogbo ọjà tí oníbàárà béèrè tí kò rí rà, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú rẹ̀: kò sáyè tí a ó kó o sí, mọ́tò kò tètè dé, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kò ní, tàbí owó kò sí nílẹ̀. Tó bá jẹ́ àìsáyè tàbí àìsí mọ́tò ló pọ̀ jù nínú ìwé náà, òwò yín ti ń béèrè ibi tó fẹ̀. Tó bá jẹ́ pé owó ni kò sí, ẹ má tíì gba sọ́ọ̀bù kejì. Owó yín ti wà lọ́wọ́ àwọn onígbèsè, tàbí kó ti sùn sórí ọjà tí kì í tètè tà. Ẹ̀ka tuntun á kàn fẹ ihò náà lójú ni.

Ìdánwò kejì le ju èyí lọ. Kí ẹni tó ni òwò, ìbáà ṣe Bàbá tàbí Ìyá, kúrò ní sọ́ọ̀bù fún ọjọ́ 14 gbáko, kí wọ́n má sì gba ìpè kankan lórí iye tí wọ́n ó ta ọjà. Tí wọ́n bá dé, kí wọ́n ka ọjà, kí wọ́n ka owó. Bí ohun tó wà nílẹ̀ bá bá ìwé mu, ẹ ti ní ẹni tó lè dúró sí ẹ̀ka kejì. Bí kò bá bá a mu, orí ẹnì kan ṣoṣo ni òwò yẹn ṣì dúró lé, ẹnì kan ò sì lè wà ní Adó kó tún wà ní Ìkọ̀lé láàárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Ọjà ń tà, èrè wà nínú ìwé, síbẹ̀ owó kì í tó tí a bá fẹ́ kó ọjà tuntun. Níbo lowó ń gbà lọ?

Ibi méjì ló sábà máa ń gbà lọ. Àkọ́kọ́ ni iye tí ẹ ń ta ọjà. Ká ní ẹ ra páálí núdùsì 200 ní ₦14,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦2,800,000 nìyẹn. Ẹ tà á ní ₦14,400, ₦2,880,000 wọlé, ẹ kọ ₦80,000 sílẹ̀ pé èrè ni. Kí ẹ tó padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti ń rà á, páálí ti di ₦14,900. Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ yín ò lè ra ju páálí 193 lọ. Nínú ìwé ẹ jèrè. Nínú sítọ̀, páálí méje ti lọ. Láti àárín ọdún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí náírà sì já, ọ̀pọ̀ òwò ìdílé ló gba ọ̀nà yìí rù láìmọ̀, nítorí iye tí wọ́n ra ọjà ni wọ́n fi ń ṣírò èrè.

Ohun tí ẹ ó fi ṣírò ni iye tí ẹ ó fi rà á padà. Láràárọ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ pe ẹni méjì tí ẹ ti ń ra ọjà, ẹ béèrè iye òní, ẹ kọ ọ́ sára pátákó, kí gbogbo ẹni tó ń tajà máa tà láti orí pátákó yẹn. Nígbà tí iye bá ń wálẹ̀, bó ṣe rí fún ìrẹsì àti ẹ̀wà ní 2025, ẹ má jókòó ti àpò tí ẹ rà ní owó gọbọi pé ó ṣì máa gbéra. Ẹ tà á ní iye òní, kí ẹ fi owó náà ra èyí tó ti wọ́lẹ̀. Ó máa ń dunni, ṣùgbọ́n àpò tó dúró lóṣù mẹ́ta máa ń dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi kejì ni ọjà tó sùn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹrù dé sára páálí pẹ̀lú máákà. Ohun tó bá ti lé ní ọjọ́ 30 nínú sítọ̀, tí kì í ṣe ọjà àsìkò, ẹ tà á ní iye tí ẹ rà á kí owó rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣé a lè gbòòrò láìta àwìn rárá?

Ó ṣòro ní Èkìtì. Oṣù tí owó kòkó kò tíì wọlé, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì tíì bọ́ sílẹ̀, ìyá tó ń tajà lábúlé kò ní rówó san lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tí àwìn ń jẹ. Páálí kan tí ẹnì kan kó lọ tí kò san, ₦14,000 ni. Èrè orí páálí kan, ₦400. Páálí 35 lẹ gbọ́dọ̀ tà fún ẹlòmíràn kí ojú owó ẹyọ kan ṣoṣo yẹn tó padà. A máa ń sọ ìṣirò yìí fún gbogbo ọmọ tó bá fẹ́ dúró sí ibi ìgbowó, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í tètè sọ pé, “Ẹ máa gbé e lọ, ẹ ó mú owó wá tó bá yá.”

Àwọn òfin tó máa ń dúró nìyí. Ẹni tí kò tíì fi oṣù mẹ́ta ra nǹkan lówó lọ́wọ́ kò lè gba àwìn. Àwìn rẹ̀ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju iye ọjà tó ń rà ní ọ̀sẹ̀ kan. Owó tàná ló gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹrù tòní tó jáde. Ẹni tó bá san ìdajì kó gba ìdajì. Ẹni tó kó ọjà fúnra rẹ̀ ni kó fọwọ́ síwèé tàbí kó tẹ̀ka. Bó bá rán ọmọ, kí ọmọ náà gbé ìwé padà fún un kó tó gba ẹrù ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àròpọ̀ gbogbo àwìn tó wà níta kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin ojú owó òwò lọ. Bó bá ti dé ibẹ̀, àwìn dúró fún gbogbo èèyàn, títí kan ẹbí.

Lálẹ́ Sátidé, ẹ pín orúkọ àwọn onígbèsè sí mẹ́rin: ọjọ́ 0 sí 7, 8 sí 14, 15 sí 30, àti àwọn tó ti lé ní 30. Àwọn méjì àkọ́kọ́, ìpè tó. Ẹni tó bá ti wọ ìsọ̀rí kẹta, ẹnì kan lọ bá a nílé. Ìsọ̀rí kẹrin ń fẹ́ àgbà. Ẹ má rán ọmọ ogún ọdún lọ sin owó lọ́wọ́ ẹni tó lè bí i lọ́mọ, ẹ má sì sin ín láàárín ọjà. Ẹ̀sín ni onígbèsè máa rántí, kò ní rántí owó mọ́, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù yín kọjá.

Tó bá jẹ́ àna tàbí ẹ̀gbọ́n ni, ẹ jẹ́ kí ìwé sọ̀rọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ojú ìwé yín ti kún. Ẹ fi èyí tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́, ẹrù yín ló máa kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ́la.” Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sì sí ìlérí.

Àwọn kan ń fi àlẹ́ẹ̀tì irọ́ gba ọjà. Kí la lè ṣe?

Ẹ má wo fóònù ẹni tó ń rà. Ẹ má gba àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́ pẹ̀lú. Ẹ ya fóònù kan sọ́tọ̀ tí áàpù báǹkì òwò nìkan wà lórí rẹ̀. Kí ẹni tó ń gbowó wo iye tó kù nínú àkáǹtì kó tó kọ “ó wọlé” sórí ìwé. Láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, alábàárù kò gbọdọ̀ gbé ẹrù. Ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọṣẹ́, kí wọ́n fi ẹrù oníbàárà sọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ títí yóò fi yọjú.

Ṣé ẹ̀ka kejì ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣí, àbí ká ra mọ́tò?

Mọ́tò lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tilẹ̀ lè háyà rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ bá ti fi mọ́tò ná fún oṣù mẹ́ta á fi ìlú tó yẹ ẹ̀ka hàn yín, yóò sì tún fi ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ hàn yín.

Láti Adó, ọ̀nà pín fúnra rẹ̀. Ọ̀kan gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Ọ̀kan gba Ìwọ́rọ́kọ́ àti Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Òmùò; láti Ìfàkì kan náà, ẹ lè yà sí Ìdó àti Ọ̀tùn. Ẹ̀kẹta gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹ má da ọ̀nà méjì pọ̀ nínú ìrìn àjò kan. Òkè Ẹ̀fọ̀n pàápàá ń jẹ bíréèkì àti táyà ọkọ̀ tó bá kún ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ dín ẹrù ọ̀nà yẹn kù.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ ṣírò. Ká ní epo, owó awakọ̀, owó alábàárù àti èyí tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún táyà àti àtúnṣe jẹ́ ₦45,000 fún àlọ àti àbọ̀. Lórí èrè ₦400, páálí 113 gbọ́dọ̀ tà kí ìrìn náà tó san ara rẹ̀. Bí ọ̀nà kan ò bá lè gbé páálí 200 ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, tàbí kí ẹ fi ₦150 lé iye ọjà tí ẹ gbé dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Àwọn oníbàárà máa ń san án tí wọ́n bá ti ṣírò owó ọkọ̀ tiwọn wá sí Ọjà Ọba ní Adó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ọjọ́ ọjà. Ọjà ọrọọrún kò mọ Mọ́ńdè mọ Túsìdeè. Bí ẹ bá sọ pé gbogbo Tọ́sìdeè lẹ ó máa lọ sí ìlú kan, ọ̀sẹ̀ kan ẹ ó bá ọjà, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ ó dé lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti ra ẹrù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ sàmì sí i lórí kàlẹ́ńdà fún oṣù mẹ́ta síwájú, kí ẹrù yín sì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ìyá tó ti gba ẹrù lálẹ́ kò tún ní ra ti ẹlòmíràn láàárọ̀.

Ọ̀yẹ́ ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Lóòótọ́, núdùsì, sìpágẹ́tì àti gàrí ń yára tà lágbègbè Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, àti lójú ọ̀nà Ìwọ́rọ́kọ́ tí EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, wà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2022: láti 14 February títí di 14 October ni ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi wà. Ẹni tó ti san owó ilé ọdún méjì, tó sì kó ọjà akẹ́kọ̀ọ́ nìkan sínú rẹ̀, kò rí ẹni tà á fún. Bí ẹ bá fẹ́ ibẹ̀, ẹ wá sọ́ọ̀bù tí àwọn ará ìlú náà lè rìn dé, kí ó kéré tán ìdajì ọjà rẹ̀ jẹ́ ohun tí ilé gbogbo ń sè: ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, iyọ̀.

Báwo la ṣe ń di ẹrù sínú mọ́tò tí kì í fi í bàjẹ́?

Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ogún àpò ìrẹsì oní-50 kg ni tọ́ọ̀nù kan; mọ́tò tó ń gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta kò gbọdọ̀ ju àpò 60 lọ. Tírélà tọ́ọ̀nù 30 ló ń gbé àpò 600. Páálí sìpágẹ́tì, tí ẹyọ 20 onígíráàmù 500 wà nínú rẹ̀, jẹ́ 10 kg. Núdùsì fúyẹ́: ẹyọ 40 onígíráàmù 70 jẹ́ 2.8 kg péré. Páálí 300 rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù kan, síbẹ̀ á ti kún mọ́tò dé òrùlé. Nítorí náà ẹni tó bá fi núdùsì nìkan kún mọ́tò, afẹ́fẹ́ ló ń sanwó epo fún.

Ìṣètò tó dára ni pé kí àpò ìrẹsì àti ṣúgà wà nísàlẹ̀, sìpágẹ́tì àti tòmátò alágolo láàárín, núdùsì àti bísíkíìtì lókè. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 wúwo tó nǹkan bíi 23 kg. Kó dúró lóòró lórí ilẹ̀ mọ́tò, kí ìdérí rẹ̀ kọjú sókè, kó má sì sí páálí nísàlẹ̀ rẹ̀ láé. Ìdérí kan tó tú á ba ogún páálí jẹ́ kẹ́ ẹ tó dé Ìfàkì. Ẹrù oníbàárà tó kẹ́yìn ló kọ́kọ́ ń wọlé. Kí tapólì wà nínú mọ́tò láti April títí dé October, bí òjò ò tilẹ̀ ṣú nígbà tí ẹ gbéra.

Ìwé ẹrù gbọ́dọ̀ ní ewé mẹ́ta: ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún awakọ̀ láti gbé bọ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí oníbàárà, ọ̀kan kò kúrò nínú ìwé. Awakọ̀ tó bá dé láìsí ewé tirẹ̀, ẹ kà á sí pé ẹrù náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Irú ilé wo ló yẹ ká kó ọjà sí?

Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, fèrèsé tí nẹ́ẹ̀tì wà lójú rẹ̀, àti òrùlé tó ní sílíìnì. Sítọ̀ tí páànù nìkan bò máa ń gbóná lọ́sàn-án débi pé páálí tó wà lókè pátápátá máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹrù kankan kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ kan pákó tàbí pálẹ́ẹ̀tì tó ga tó sẹ̀ńtímítà 10 sí 15, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí èèyàn lè rìn wọ ibẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni eku ń gbé. Ìgbẹ́ eku, ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀ lábẹ́ àpò, àti ẹnu àpò tó gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lẹ ó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ to àpò kí ọ̀kan máa gorí ibi tí méjì ti pàdé, bíi búlọ́ọ̀kù, kó má ju 10 sí 12 lọ sókè. Páálí máa ń ní àmì iye tí wọ́n lè tò léra. Ẹ tẹ̀ lé e.

Ọṣẹ ìfọṣọ àti oògùn kòkòrò kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ gbé yàrá kan náà. Núdùsì àti ìrẹsì ń fa òórùn mọ́ra. Oníbàárà tó bá gbóòórùn ọṣẹ nínú núdùsì kò ní mú un padà wá fún yín, alágbàtà yín ló máa bá jà, alágbàtà á sì fi yín sílẹ̀. Iyọ̀ ń fa omi; ẹ gbé e jìnnà sí ohun tó wà nínú agolo, kí agolo má bàa dípẹtà.

Lórí ẹ̀wà, a bẹ̀ yín gidigidi: ẹ má fọ́n Sniper sí i. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀, NAFDAC sì ti kìlọ̀ fún àwọn oníṣòwò lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ó ń wọ inú oúnjẹ, ó sì ń pa èèyàn. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń fi sáàárín àpò, èyí tó jẹ́ aluminium phosphide, máa ń tú gáàsì tó lè pa gbogbo ẹni tó sùn nínú ilé náà tàbí yàrá tó fara kàn án. Ọmọṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kàn án. Ohun tó wà fún òǹtajà lásán ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun kan níta. Ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dè é pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú á kú nítorí àìsí afẹ́fẹ́, ẹ̀wà ò sì ní fara kan oògùn rárá.

Ọjà tí déètì rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, kódà bó bá jẹ́ pé òun ló dé kẹ́yìn. Ẹ so káàdì kan mọ́ iwájú òkìtì ọjà kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Lójoojúmọ́, ẹ mú ọjà mẹ́wàá tí ẹ ò sọ tẹ́lẹ̀, ẹ kà wọ́n, ẹ fi wé káàdì. Ní ìparí oṣù, ẹ ka gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ló gbọ́dọ̀ kà á.

Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fi wá ṣe aṣojú tí yóò máa pín ọjà rẹ̀. Kí ni kí á ṣọ́ra fún?

Wọ́n á béèrè ìwé CAC (àjọ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀), sítọ̀, mọ́tò, owó ìdúró tàbí ìwé ìdúró báǹkì, àti iye ọjà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa kó lóṣooṣù. Inú ohun ìkẹyìn yìí ni ewu wà. Tí oṣù bá ń parí lọ, tí ẹ ò sì tíì kó iye tí wọ́n ní kí ẹ kó, ẹni tó ń bójú tó yín á ní kí ẹ gba ẹrù kún un, pé bónọ́ọ̀sì wà níwájú. Ẹ gbà á, sítọ̀ kún, owó tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní ₦100 sísàlẹ̀ iye tí ẹ rà á kí owó lè jáde, pẹ̀lú ìrètí pé bónọ́ọ̀sì á dí i. Aṣojú tó wà ní Àkúrẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà tirẹ̀ sì ń wọ Ìkẹ́rẹ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, iye ọjà yẹn ti bàjẹ́ ní gbogbo agbègbè, oníbàárà ò sì ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: àwọn ìlú tó jẹ́ tiyín gan-an, ọjọ́ tí bónọ́ọ̀sì máa ń wọlé, àti bóyá owó ni tàbí ọjà, ẹni tó máa ru àdánù ẹrù tó dé pẹ̀lú páálí jíjá, àti bóyá wọ́n ń gba ọjà tó sún mọ́ déètì padà. Bónọ́ọ̀sì tí kò tíì wọ àkáǹtì, ẹ má fi ṣírò iye tí ẹ ó tajà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọjà ilé-iṣẹ́ kan ju ìdajì ojú owó yín lọ.

Ṣé ó yẹ ká máa sanwó fún àwọn ọmọ wa tó wà ní sọ́ọ̀bù?

Ó yẹ, iye kan pàtó lóṣù, ní ọjọ́ kan pàtó, ìyá wọn náà pẹ̀lú. Ọmọ tí kò gbowó á máa san ara rẹ̀ láti inú dúrọ́ọ̀, díẹ̀díẹ̀, kò sì ní rò ó pé olè ni. Nígbà tí àbúrò bá wá mọ̀, ìjà ti dé.

Oúnjẹ ilé náà ń fẹ́ ìwé. Páálí núdùsì kan, sìpágẹ́tì díẹ̀, ṣúgà fún àlejò: ká ní ₦15,000 lọ́sẹ̀. Lọ́dún kan, ₦780,000 ni. Lórí èrè ₦400, páálí 1,950 lẹ gbọ́dọ̀ tà láti rí i padà. A ò sọ pé kí ilé má jẹun o. Ẹ ṣí ojú ìwé kan, ẹ kọ “Ilé” sórí rẹ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tó jáde, kí Bàbá san án nínú owó oṣù tiwọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òkú àti ìgbéyàwó. Àwa Èkìtì kì í fi òkú àgbà ṣeré; aṣọ, màlúù àti àgọ́ máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, sọ́ọ̀bù ló sì sábà máa ń sanwó rẹ̀. Ẹ ya iye kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù sí àkáǹtì ẹbí. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni sọ́ọ̀bù lè dá. Ìrẹsì tí wọ́n bá kó fún àríyá, ẹ kọ ọ́ bí àwìn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kó o àti ọjọ́ tí yóò san.

Bàbá kò fẹ́ ká sọ òwò di kọ́ńpìnnì. Ǹjẹ́ ó pọn dandan?

Orúkọ òwò tí wọ́n fi sílẹ̀ ní CAC kò ya òwò kúrò lára ẹni tó ni ín. Bí Bàbá bá lọ, ọjà, mọ́tò àti owó inú báǹkì di ogún. Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, tí kò sì sí ìwé ìhágún, wọ́n lè pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó, tàbí ní orí-ò-jorí, ní iye ọmọ. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí wọ́n parí ní Privy Council, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962, ìdí-igi ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó jẹ́ àṣà Yorùbá. Èyíkéyìí nínú méjèèjì, òwò tí wọ́n bá pín báyìí kò lè kó ọjà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Kọ́ńpìnnì kì í kú. Ìpín inú rẹ̀ ló ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjà sì dúró sójú kan. Láti ìgbà òfin kọ́ńpìnnì tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020, ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè dá irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá lè mú ìpín 60 nínú 100, kí wọ́n máa jẹ́ alága, kí ìyókù wà lọ́wọ́ Ìyá àtàwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ àti ilé tí sọ́ọ̀bù wà, ẹ má kó o wọ inú rẹ̀; kí kọ́ńpìnnì máa san owó ilé fún Bàbá. Èyí nìkan ti yí ọ̀pọ̀ bàbá lọ́kàn padà. Ẹ wá agbẹjọ́rò fún ìwé ìhágún náà.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ikú bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wá ọ̀rẹ́ wọn tàbí ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, kí ó bá wọn sọ ọ́ látorí ìwé tí ilé-iṣẹ́ ń béèrè.

Ṣé ká yáwó?

Ẹ wo iye ìgbà tí owó yín ń yí po lóṣù. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé 27.5% ní November 2024, èlé tí oníṣòwò ń san ní báǹkì ti lé ní 30%. Ká fi 30% ṣírò: 2.5% lóṣù. Èrè ₦400 lórí ₦14,000 kò tó 3%. Ọjà tó ń tà tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè gbé èlé yẹn, nítorí owó mọ́tò ṣì wà. Ọjà tó ń tà tán lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù lè gbé e. Ọjà bẹ́ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi owó yíyá kó, ẹ má fi kọ́ sítọ̀, ẹ má fi ra mọ́tò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára jù fún mọ́tò: ọ̀pọ̀ wọn ń yáni ní ìlọ́po méjì owó tí èèyàn ti tọ́jú, èlé wọn sì máa ń kéré. Ẹ sá fún àwọn áàpù tó ń yáni lówó ọjọ́ díẹ̀.

Owó-orí àti ìwé ìjọba ńkọ́?

Owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ yín, EKIRS, àjọ tó ń gba owó-orí ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, lẹ ó san án fún. Ti kọ́ńpìnnì, ìjọba àpapọ̀ ni. VAT, owó-orí orí ọjà, jẹ́ 7.5%, ṣùgbọ́n kò sí lórí àwọn oúnjẹ ìpìlẹ̀ bí ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo owó tí wọ́n bá gbà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ máa di ìrẹsì Ìgbẹmọ̀ tàbí èlùbọ́ sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ tiyín lára, ẹ gba nọ́ńbà NAFDAC kí ẹ tó tẹ ọ̀rá náà.

Ẹ̀ka tuntun ò tíì jèrè. Oṣù mélòó ni ká fún un?

Ẹ pinnu rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kó máa san owó alábàárù àti owó iná tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà, kó ti máa san owó òṣìṣẹ́ àti owó ilé. Ní oṣù kẹsàn-án, kó ti máa dá èrè padà sí Adó. Bí oṣù kẹfà bá kọjá tí Adó ṣì ń bá a san owó òṣìṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àwìn ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àrùn náà sábà máa ń wà. Bí àwìn bá mọ́, tí títà ló kéré, ẹ má dúró de ìgbà tí owó ilé máa pé. Ẹ kọ́kọ́ kó ọjà tí déètì rẹ̀ sún mọ́ padà sí Adó, ẹ gbé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà ibẹ̀ wọ inú ìwé mọ́tò, kí mọ́tò máa bá wọn lọ ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà wọn. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni kẹ́ ẹ dá padà kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sin gbogbo owó tó wà níta.